Oníbàlúùnù Kútọ̀: ṣé ó yẹ kó máa gbé ajá lé ọmọ lọ́wọ́ kó tó bi ìyá rẹ̀?

ÌyáṢọlá_Àsèrò kọ:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí, torí èmi àti bàbá Ṣọlá ti fà á títí, kò lójú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan máa ń dúró ní ìhà Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta níbí, lọ́jọ́ Sátidé tí èrò bá pọ̀. Ṣòkòtò onílà pupa àti funfun ló máa ń wọ̀, ó fi ike pupa bo imú, ó so àpò mọ́ ìbàdí, bàlúùnù gígùn-gígùn ló kún inú rẹ̀. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti lọ́ ọ di ajá, ó ti di idà, ó ti di fìlà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọmọ mi, ẹni ọdún mẹ́rin, dúró ń wò ó. Ibi tí mo ti ń gba ṣéńjì lọ́wọ́ ìyá ọlọ́sàn, mo bojú wẹ̀yìn, ajá pupa ti wà lọ́wọ́ ọmọ. Ó ní, "Mọ́mì, ₦500 péré ni."

Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Mi ò pè é. Kí n wá gbà á lọ́wọ́ ọmọ, kó máa ké láàárín ọjà, kí wọ́n máa wò mí bí ìyá burúkú? Mo sanwó, àmọ́ inú mi ò dùn. Bàbá Ṣọlá ní iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe, kí n gbàgbé ẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ_Ìtòkú kọ:
₦500 fún ajá tí kì í gbó, tí kì í jẹun, tí kì í ṣu sílé. Ẹ̀yin lẹ jèrè, mà.

Ọ̀kánlàwọ́n_Kémta kọ:
Ẹ má bínú, ìyá Ṣọlá, ẹ̀yìn ọmọkùnrin yẹn ni mo wà. Ẹ rántí onílù. Bẹ́ ẹ bá lọ sóde ìnáwó ní Òkè Ìlèwó, ṣé onílù máa ń wá bi yín pé, "Sà, ṣé kí n lu ìlù fún yín?" Á kọ́kọ́ bi àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní orúkọ bàbá yín, á fi ìlù kì yín, orí yín á wú, ọwọ́ yín á wọ àpò. Onídán náà ńkọ́? Á kó èrò jọ, á ṣeré dé ibi tó dùn jù, á wá gbé igbá káàkiri. Eré ìta gbangba, iṣẹ́ ló ń ṣáájú owó. Bí ọmọ yẹn bá ní kóun máa bẹ ènìyàn ní Kútọ̀, níbi tí oníkálukú ti ń sáré wọkọ̀ Èkó, ta ló máa dá a lóhùn?

ÌyáṢọlá_Àsèrò kọ:
Ọ̀kánlàwọ́n, onílù kì í lu ìlù fún ọmọ ọdún mẹ́rin kó wá gbowó lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ẹni tó lówó ló ń kọjú sí. Èmi lè rẹ́rìn-ín sí onílù, kí n juwọ́ sí i, kí n kọjá lọ, kò sóhun tó máa ṣe. Ṣọlá ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn, kì í ṣe ₦500.

Jàgùnmólú_Ìbàrà kọ:
Gbọ́nrangandan lèmi máa ń sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin tó lápá, tó lẹ́sẹ̀, tó ń fi ike bo imú láàárín ìgboro? Kó lọ kọ́ṣẹ́.

Ọ̀kánlàwọ́n_Kémta kọ:
Ẹ̀gbọ́n Jàgùnmólú, iṣẹ́ tó kọ́ nìyẹn. Ẹ gba bàlúùnù kan kí ẹ lọ́ ajá tó lẹ́sẹ̀ mẹ́rin ká rí i.

Alàgbà_Ṣàpọ́n kọ:
Ẹ kú àríyànjiyàn, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀gbá ò lólú, gbogbo wọn ló ń ṣe bí ọba, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí òpó yìí.

Mo fara mọ́ ìyá Ṣọlá níbi kan, mo fara mọ́ Ọ̀kánlàwọ́n níbòmíì. Òótọ́ ni pé onílù kì í tọrọ àyè. Àmọ́ onílù tó gbọ́nṣẹ́ máa ń wojú. Mo ti rí wọn lágbo tí wọ́n fo ẹni tó fajú ro, tí wọ́n lọ bá ẹni tó ń mi orí sí ìlù lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí owó wà, wọ́n sì mọ ibi tí ìjà wà. Ní ti ọmọdé, bá a ṣe ń ṣe é láyé ìgbà tí mo kéré yàtọ̀. Ọjọ́ iléyá, àwọn tó ń ta bàlúùnù máa ń so ó mọ́ orí igi, wọ́n á máa rìn kọjá. Àwa ọmọ la máa ń fa agbádá bàbá wa. Bí bàbá bá ní kò sówó, ó parí nìyẹn, kò sí nǹkan lọ́wọ́ wa tí wọ́n máa gbà. Oníbàlúùnù ti gba iwájú bàbá kọjá, kò gba ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọkùnrin Kútọ̀ yìí ló ń gba ẹ̀yìn.

Alábòójútó kọ:
Mo ti yọ àwòrán tí ẹnì kan fi síbí kúrò. A ò mọ̀ bóyá ọmọkùnrin náà gan-an ni, kò sì sí níbí láti gbẹnu sọ fún ara rẹ̀. Ẹ máa bọ́rọ̀ lọ.

Lọ́bàlúùnù kọ:
Ẹ kú ìjókòó o. Kì í ṣe èmi lẹ rí ní Kútọ̀, kí ẹnikẹ́ni má wá dá mi dúró ní Pánṣẹ́kẹ́. Àmọ́ iṣẹ́ kan náà là ń ṣe, mo sì mọ ohun tó ń lé e.

Bàlúùnù wa kì í ṣe onírogodo tí wọ́n ń so mọ́ ògiri lóde ìkómọ. Èyí tí a ń lò jù, 260 là ń pè é: bó bá kún tán, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íńṣì 2, gígùn rẹ̀ íńṣì 60. 160 náà wà, íńṣì 1 péré ni fífẹ̀ tirẹ̀, òun la fi ń ṣe iṣẹ́ wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. 350 ni fún ajá tó sanra. Ìdúmọ̀tà ni mo ti ń kó wọn wá. Mo máa ń wọ rélùwéè ní Ládẹ̀rin lọ sí Ẹ̀búté Mẹ́ta, kí n tó bọ́ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, kí n tún ru ẹrù padà. Òkè òkun ni bàlúùnù yẹn ti ń wọlé, nítorí náà bí dọ́là bá ti gbéra, ajá yín náà gbéra nìyẹn.

Ní ti lílọ́ rẹ̀, ẹni tó bá wò ó lókèèrè á rò pé ìka lásán ni. A kì í fẹ́ ẹ kún dé ìdí. Bá a bá fẹ́ lọ́ ajá, a máa ń fi ibi tó tó ìka mẹ́rin sílẹ̀ ní ìdí rẹ̀ tí atẹ́gùn ò dé. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ́ oríkèé kan, atẹ́gùn ń sún síwájú, ibi tó ṣẹ́ kù yẹn ló ń gbà á. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kún dẹ́ńdẹ́, kó tó dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló máa bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ká tó so ẹnu rẹ̀, a tún máa ń tú atẹ́gùn díẹ̀ jáde kí ara rẹ̀ lè dẹ̀. Ó wá kan imú àti etí méjì, ká lọ́ wọn pọ̀. Ọrùn àti ẹsẹ̀ iwájú méjì, ká lọ́ wọn pọ̀. Ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì, ká lọ́ wọn pọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni ìrù. Apá kan náà lọwọ́ gbọ́dọ̀ máa yí sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí o bá yí kan sí ọ̀tún, tí o yí ìkejì sí òsì, ibi tí o ti ń ṣe ìkẹta ni àkọ́kọ́ máa tú sílẹ̀.

Pọ́ǹpù ọwọ́ ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹnu. Bó ṣe tín-ín-rín yẹn, ó le ju onírogodo lọ. Ẹni tó bá fi ẹnu ṣe é, etí á máa ro ó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa dùn ún.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ọmọ tó bá ń gbé ajá rìn kiri, òun ni pátákó ìpolówó wa. Bí ọmọ kan bá gbé idà bàlúùnù dé iwájú ilé oúnjẹ, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í da ìyá wọn láàmú. Ìdí nìyí tí ọmọkùnrin yẹn fi ń kánjú kí tàkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Àmọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kìlọ̀ fún mi: kí ojú rẹ tó pàdé ojú òbí, ọwọ́ rẹ ò gbọ́dọ̀ na nǹkan sọ́mọ. Mo máa ń bèèrè pé, "Ṣé kí n ṣe é fún wọn, mà?" Bí ìyá bá ní rárá, mi ò ní fẹ́ nǹkan kan. Màá jó fún ọmọ, màá juwọ́ sí i, ó parí. Bàlúùnù àkọ́kọ́ tí mo bá lọ́ láàárọ̀, mi ò kì í tà á. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń patẹ nítòsí ni mo máa ń fún, torí ọmọ yẹn máa wà níbẹ̀ dìrọ̀lẹ́, òun á sì máa gbé e kiri. Mo ti polówó, mi ò sì fìyà jẹ ẹnikẹ́ni.

ÌyáṢọlá_Àsèrò kọ:
Ẹ ṣeun gan-an. Ká ní ó bi mí bẹ́ẹ̀ ni, èmi ì bá sanwó méjì.

Ọmọ_Ìtòkú kọ:
Ìyá Ṣọlá, ṣé ajá yẹn délé? Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Òmìdá ló dé tó ti ṣe "pàà". Gbogbo inú ọkọ̀ dọ̀bálẹ̀.

ÌyáṢọlá_Àsèrò kọ:
Ó délé. Orí kápẹ́ẹ̀tì ló ti bẹ́ nígbà tó di alẹ́. Ìyá mi tó wà nínú yàrá rò pé táyà ni.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíÀba kọ:
Ẹ ti ń jà lórí ₦500 láti àná, kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí rọ́bà ajá náà wà lẹ́yìn tó bẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rin lẹ pe Ṣọlá. Bàlúùnù tó kún fún atẹ́gùn kì í ṣe ìṣòro tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọn ò tíì fẹ́, àti èyí tó ti ya, ni kí ẹ máa ṣọ́. Bí ọmọ bá fi sẹ́nu, tó wá fa èémí, rọ́bà yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun, ó sì máa ń dí i pátápátá, torí ó rọ̀, ó ń gba ìrísí ibikíbi tó bá wọ̀. Nǹkan líle ṣì lè fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn kọjá. Ní Amẹ́ríkà, òfin ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sára páálí bàlúùnù rọ́bà pé èyí tí wọn ò tíì fẹ́ tàbí èyí tó ti bẹ́ lè fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 lọ́fun pa. Ọdún mẹ́jọ o, kì í ṣe ọmọ ọwọ́ nìkan.

Bó bá ha ọmọ tó ti lé lọ́dún kan lọ́fun, tí kò lè ké, tí kò lè wúkọ́: ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ síwájú, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo rẹ̀ díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọnú sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe méjèèjì ní ìtẹ̀léra, kí ẹlòmíì máa wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹ má ti ìka bọ ọmọ lọ́fun bí ẹ ò bá rí nǹkan náà, ẹ lè tì í wọlé sí i.

Àwọn kan tún wà tí ara wọn kì í gba rọ́bà. Àwa tó ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ wọ́n dáadáa. Ara á máa yún wọn, ètè á wú, ti ẹlòmíì le débi pé kò ní lè mí dáadáa. Oníbàlúùnù, ẹ fi èyí kún ohun tí ẹ ń bi òbí.

Ọmọ_Ìtòkú kọ:
Nọ́ọ̀sì ti dé o. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lórí ajá bàlúùnù ti gbé wa dé wọ́ọ̀dù.

Nọ́ọ̀sì_ÌdíÀba kọ:
À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kóun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀. Ẹ kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín fún mi. Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ṣa rọ́bà yẹn nílẹ̀ ọkọ̀.

Lọ́bàlúùnù kọ:
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, mi ò fi ṣeré. Bí ọmọ bá kéré gan-an, ìyá ni mo máa ń gbé e fún, mo sì máa ń sọ fún un pé tó bá ti bẹ́, kó ṣa gbogbo rẹ̀ jù nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tó bá bẹ́ lọ́wọ́ èmi náà, inú àpò ni mò ń kó o sí. Ọ̀rọ̀ ara tí kì í gba rọ́bà yẹn ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè.

Tísà_Adátán kọ:
Ẹ jọ̀ọ́, kí n bi oníbàlúùnù ní nǹkan méjì torí àwọn ọmọ kíláàsì mi. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí ajá yẹn kì í fi í fò bíi ti bàlúùnù ọjọ́ ìbí. Wọ́n tún fẹ́ mọ ìdí tó fi máa ń bẹ́ lóòrùn nígbà tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Mo ti sọ èyí tí mo mọ̀ fún wọn. Mo ní Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ṣe bàlúùnù rọ́bà àkọ́kọ́ ní 1824. Ó gé rọ́bà pẹlẹbẹ méjì, ó tò wọ́n léra, ó lẹ etí wọn pọ̀, ó sì fi ìyẹ̀fun pa inú wọn kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra. Gáàsì ló ń ṣèwádìí rẹ̀, haidirójìn ló sì fẹ́ sínú rẹ̀, èyí tó fúyẹ́ ju atẹ́gùn lọ. Ọmọkùnrin kan gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ṣé ó lọ́ ajá?" Mo ní rárá. Ó jókòó, kò gbádùn ìtàn náà mọ́.

Lọ́bàlúùnù kọ:
Ẹ bá mi kí ọmọkùnrin yẹn, ó mọ ohun tó ṣe pàtàkì.

Kì í fò torí atẹ́gùn lásán tí gbogbo wa ń mí ni pọ́ǹpù ń fẹ́ sínú rẹ̀. Ti ọjọ́ ìbí tó ń fò, hílíọ́mù, gáàsì tó fúyẹ́ ju atẹ́gùn lọ, ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tilẹ̀ fi hílíọ́mù sínú 260, bó ṣe tín-ín-rín yẹn, èyí tó máa gbà ò tó nǹkan, agbára káká ló fi máa gbé ara rẹ̀.

Ti oòrùn, nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀. Atẹ́gùn inú rẹ̀ ń gbóná, ó ń fẹ̀, rọ́bà sì láàlà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn náà tún ń jẹ rọ́bà fúnra rẹ̀. Ẹ wo bàlúùnù tó ti pẹ́ lóòrùn dáadáa, á ti pàdánù dídán rẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣú. Dúdú àti búlúù tó kún máa ń gba ooru ju funfun lọ, nítorí náà bí oòrùn bá mú, àwọ̀ tó mọ́ra ni mo máa ń lò, mo sì máa ń dín atẹ́gùn rẹ̀ kù. Àwọn tí mi ò tíì lò, inú kúlà tí kò ní yìnyín ni wọ́n ń wà. Koríko gbígbẹ náà burú, ṣóńṣó rẹ̀ ń gún un. Nígbà ọyẹ́, ẹ gbàgbé pápá.

Alàgbà_Ṣàpọ́n kọ:
Rọ́bà tí ẹ ń sọ yìí, wọ́n ń gbin igi rẹ̀ ní ìhà Ìjẹ̀bú níbí, ní Ògùn wa yìí. Ilé ìwádìí ìjọba lórí rọ́bà sì wà ní Iyanomo lẹ́bàá Bìní. A gbin igi, a tún ń fi dọ́là ra bàlúùnù. Ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Jàgùnmólú_Ìbàrà kọ:
Alàgbà, ẹ bẹ̀rẹ̀, sà. Ìyẹn ló yẹ ká máa sọ.

Alábòójútó kọ:
Ẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní òpó mìíràn, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́.

Ọ̀kánlàwọ́n_Kémta kọ:
Kí n fi kan kún un. Mo bá ọmọkùnrin Kútọ̀ yẹn sọ̀rọ̀ lánàá. Mi ò sọ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Ó ní àwọn kan ń gbowó ilẹ̀ lọ́wọ́ òun láàárọ̀ kóun tó fẹ́ bàlúùnù kankan, ẹ̀ṣọ́ ilé oúnjẹ kan sì máa ń lé òun bí àwọn ọmọ bá ti pọ̀ jù lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mi ò ní torí ìyẹn sọ pé kó má bèèrè lọ́wọ́ ìyá. Ìyá Ṣọlá jàre níbẹ̀, mo gbà. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó ti jẹ gbèsè láti aago mẹ́jọ àárọ̀ kì í ní sùúrù.

ÌyáṢọlá_Àsèrò kọ:
Ìyẹn yé mi. Bí mo bá tún rí i, èmi fúnra mi màá pè é, kó lè rí i pé bí a bá fẹ́, a máa ń pè é. Àmọ́ màá sọ fún un.

Tísà_Adátán kọ:
Lọ́bàlúùnù, a fẹ́ kí ẹ wá bá wa ṣeré bí táàmù bá parí. Nǹkan bí ogójì ọmọ ni wọ́n. Ṣé ẹ lè ṣe é?

Lọ́bàlúùnù kọ:
Mo lè ṣe é. Àmọ́ fún ogójì, ajá, idà àti òdòdó nìkan ni. Bí kálukú bá ní ohun tó wù ú, ọmọ tó wà lẹ́yìn á sunkún kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tò wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí tísà kan dúró tì mí. Iléèwé ló máa san gbogbo rẹ̀ papọ̀, kí ọmọ kankan má wulẹ̀ mú owó wá láti ilé.

Ọmọ_Ìtòkú kọ:
Èmi ń fẹ́ àpáta Olúmọ, kí n gbé e sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ mi. Ṣé bàlúùnù lè ṣe ìyẹn?

Lọ́bàlúùnù kọ:
Ó lè ṣe é. Onírogodo ni màá lò fún òkúta rẹ̀, 260 fún àtẹ̀gùn. Odindi ọjọ́ kan ni. Ìyẹn, owó á ṣáájú o.

Tísà_Adátán kọ:
Ọjọ́ Ẹtì tí a bá parí ìdánwò ni tiwa. Igi máńgòrò wà lẹ́yìn kíláàsì, ibòji rẹ̀ dára, àmọ́ koríko ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé kí n tẹ́ tapólì sí i?

Lọ́bàlúùnù kọ:
Ẹ tẹ́ ẹ, mà. Kẹ́ ẹ sì gbá a kí n tó dé, òkúta wẹ́wẹ́ náà ń bẹ́ ẹ.